Skáànì ti jáde, kí ni wọ́n tún fẹ́ mú ẹran lára màmá mi sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé. Màmá mi, ẹni ọdún 58, tó ń ta gàrí lọ́jà Àtákúmọ̀sà, rí kókó kan ní ọyàn òsì, kò dùn wọ́n, ìyẹn ni wọn ò fi tètè sọ fún wa. A ti ṣe mammogram (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọyàn), a ti ṣe skáànì, wọ́n kọ BI-RADS 4 sínú ìwé. Dókítà tún wá ní àfi kí àwọn fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún báyọ́sì (biopsy), ìyẹn àyẹ̀wò ẹran ara. Ẹ̀gbọ́n màmá mi fárígá, wọ́n ní tí irin bá fi lè kan jẹjẹrẹ, ṣe ló máa tàn ká gbogbo ara. Ṣé skáànì tá a ṣe ò tó ni? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìdààmú o, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Ọlọ́run á bá wa wo màmá sàn. Kò tó. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀.

Mammogram àti skáànì, òjìji ni wọ́n ń rí. Wọ́n á rí i pé kókó wà níbí, bó ṣe tóbi tó nìyí, etí ẹ̀ dán àbí ó rí ṣákaṣàka, ṣùgbọ́n wọn ò lè fojú kan ẹran yẹn fúnra ẹ̀. BI-RADS ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí ìfura jẹjẹrẹ ṣe tó nínú ohun tí wọ́n rí. 4 tí wọ́n kọ yẹn, ó fẹ̀ gan-an: ó bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó jẹ́ pé nínú 100 irú ẹ̀ bóyá mẹ́ta péré ló máa jẹ́ jẹjẹrẹ, títí dórí èyí tó jẹ́ pé 90 nínú 100 ni. Ẹ wo ìwé yẹn bóyá wọ́n kọ A, B tàbí C tẹ̀lé e, A ló fúyẹ́ jù, C ló wúwo jù. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà máa ń wọ ọyàn, ó sì lè jọ jẹjẹrẹ lójú skáànì, ọ̀rá ọyàn tí nǹkan ti gbá rí náà bẹ́ẹ̀. Ta ló máa wá fún èèyàn ní oògùn jẹjẹrẹ, èyí tó ń já irun, nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ?

Tí wọ́n bá fẹ́ mú ẹran ọ̀hún, wọ́n á kọ́kọ́ gún abẹ́rẹ́ tó máa jẹ́ kí ojú ibẹ̀ kú, wọ́n á wá fi èyí tó nípọn díẹ̀ mú un, skáànì náà ni wọ́n sábà máa ń fi wo ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ, á dún káú bí ìgbà téèyàn tẹ sítépílà. Ohun tó máa jáde ò ju aràn kékeré lọ, tín-ín-rín báyìí. Inú ìgò fọ́málìn, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran rà, ló gbọ́dọ̀ lọ ní kíá, kó tó pé wákàtí kan, omi oògùn yẹn máa ń ta sójú. Níbí ni kí ẹ la ojú yín sí jù o. Àbúrò ìyá mi, ilé ìwòsàn aládàáni kan tí mi ò ní dárúkọ ló gé kókó ọyàn wọn, omi lásán ni wọ́n fi í sí di ọjọ́ kejì, nígbà tá a fi máa gbé e dé láàbù ó ti rà, wọn ò rí nǹkan kan kà nínú ẹ̀, a ò sì mọ ohun tó jẹ́ títí òmíràn fi yọ. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ní láàbù, wọ́n á rì í sínú ìda bíi ti àbẹ́là, wọ́n á rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ, wọ́n á pa á láró àlùkò àti píǹkì, patọ́lọ́jíìsì, ìyẹn dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò, á wá fi máíkírósíkópù wò ó. Ẹ fojú inú wo oko tí ebè tò lọ lẹ́sẹẹsẹ, tí ààlà ẹ̀ dúró, ẹran tó dáa nìyẹn. Ti jẹjẹrẹ, ebè ńlá ti gun kékeré, ó ti fo ààlà bọ́ sóko olóko. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ẹran yẹn kan náà ni wọ́n á tún fi wo ER àti PR (ibi tí họ́mọ́ọ̀nù obìnrin ti ń so mọ́ jẹjẹrẹ) àti HER2 (purotéènì kan tó ń mú kí jẹjẹrẹ tètè dàgbà): tí ER bá wà níbẹ̀, oògùn oníhóró bíi tamoxifen lè ṣiṣẹ́, tí HER2 bá pọ̀, oògùn tó ń jẹ́ trastuzumab ni wọ́n máa ń rò láti lò. Skáànì kankan ò lè sọ ìyẹn. Ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó bóyá owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ẹ̀, torí ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà á níbòmíì.

Ẹ̀gbọ́n màmá, mi ò bú wọn. Ohun táwọn èèyàn ń rí ni pé ẹni tó ti ń gbé kókó kiri látọdún kan, ọjọ́ tó dé ọsibítù ni wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, oṣù méjì sí i ó kú, abẹ́rẹ́ ni gbogbo ayé wá ń dá lẹ́bi. Àìsàn ti lọ jìnnà kí abẹ́rẹ́ tó débẹ̀. Ibì kan wà tí àwọn dókítà fúnra wọn ń sá fún abẹ́rẹ́, ìyẹn kóró ẹpọ̀n ọkùnrin, odindi ni wọ́n máa ń yọ ọ́, àmọ́ ti ọyàn ò rí bẹ́ẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí abẹ́rẹ́ gbé e rìn, iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú tó ń tẹ̀lé e sì máa ń ká èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí sí wọn létí.

Ọsibítù Wesley Guild tó wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, abẹ́ OAUTHC, ọsibítù ńlá ti yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, ló wà, tí wọ́n bá ní kí ẹ máa bọ̀ ní Ifẹ̀ ẹ má rò pé wọ́n ń lé yín kiri, ilé kan náà ni. Ẹ gbé fíìmù mammogram dání. Tí màmá bá ń lo aspirin tàbí oògùn mìíràn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, kí ẹ ti sọ fún dókítà ṣáájú ọjọ́ náà, kí orúkọ wọn sì wà lára ìgò kó tó kúrò lójú yín. Ẹ bá mi kí wọn, kí wọ́n wọ búrẹ́sìà tó dì mọ́ra dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ó máa ń jẹ́ kí ojú ibẹ̀ rọ̀ wọ́n lọ́rùn.