Ọkọ̀ mi kì í gbóná bí mo bá rọra ń wà á, àfi bí mo bá sáré

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù kan. MerCruiser 4.3 onísìlíńdà mẹ́fà ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, Alpha One sì ni drive rẹ̀ (apá ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wọ inú omi, tó ń ti ọkọ̀ lọ). Bí mo bá ń rọra wà á ní ẹ̀gbẹ́ Falomo ní Èkó, géèjì ooru kì í kọjá 140 Fahrenheit. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọrí sí Tarkwa Bay tí mo sì fi sáré, kì í pẹ́ tó fi ń gun 200. Mẹkáníìkì kan yọ thermostat (fáàfù tó ń ṣàkóso omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) dànù, ibi pẹlẹbẹ náà ló ṣì ń fi lélẹ̀. Òmíràn ní tọ́ọ̀pù gáàskẹ́ẹ̀tì ti jó, pé kí n lọ ra ẹ́ńjìnnì míì. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó lórí ẹ́ńjìnnì kankan. Àlàyé tí ẹ ṣe yẹn ti sọ púpọ̀ fún wa. Ẹ́ńjìnnì tó tutù lórí ìrọ̀rùn tó wá ń gbóná lórí eré, omi tó ń mú un tutù ni kì í sábà tó. Omi díẹ̀ tó ń rí lè gbé e nígbà tí kò ṣiṣẹ́ púpọ̀, kò lè gbé e nígbà tí ẹ bá fi sáré. Ti gáàskẹ́ẹ̀tì, ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ kí ẹ wò ó. Bí ọ́ìlì bá dà bíi Milo tí wọ́n da mílíìkì lé, omi ti wọnú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má tan án mọ́. Bí ọ́ìlì bá mọ́, ìyẹn nìkan kò tíì fi hàn pé gáàskẹ́ẹ̀tì pé, ṣùgbọ́n ẹni yẹn ti kánjú.

Thermostat ńkọ́? Ẹ dá a padà. Èyí tó bá ẹ́ńjìnnì tó ń fi omi ọ̀sà tutù mu ni kí ẹ fi sí i. Yíyọ tí wọ́n ń yọ ọ́ dànù yìí ti di àṣà ní Èkó, n kò sì mọ ẹni tó kọ́ wọn.

Ẹ rí i dájú pé géèjì kò parọ́. Ẹ wá ìbọn tí wọ́n fi ń wọn ooru irin (kì í ṣe èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà Kòrónà o, ìyẹn kò lè ka ooru ẹ́ńjìnnì), kí ẹ nà án sí ilé thermostat nígbà tí géèjì bá gòkè.

Bó bá gbóná lóòótọ́, ẹ fa ọkọ̀ gòkè kí ẹ wo ojú ihò tí drive fi ń fa omi. Ọ̀rá pọ́ọ̀wọ̀tà, ewéko orí omi àti ìkarahun wẹ́wẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ló sábà ń dí i. Bí ibẹ̀ bá mọ́, impeller ló kàn, ìyẹn àjà tó ń yí nínú pọ́ọ̀ǹpù láti fa omi. Inú drive ló wà lára Alpha One, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìsàlẹ̀ drive kalẹ̀ kí wọ́n tó rí i. Ti Bravo, irú drive mìíràn, iwájú ẹ́ńjìnnì ni pọ́ọ̀ǹpù tirẹ̀ wà, bẹ́líìtì ló ń yí i. Rọ́bà ni apá impeller. Bí ó bá le gbagidi, tàbí tí àwọn apá rẹ̀ tẹ̀ síbì kan tí wọn kò padà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí apá kan bá já, ẹ wá a kàn. Omi ti gbé e lọ há síbì kan níwájú. Ẹ tún wo ilé tó ń yí nínú rẹ̀. Yanrìn tí wọ́n ń wà lójoojúmọ́ nínú ọ̀sà wa yìí máa ń ha á, impeller tuntun kò sì ní lè fa omi dáadáa nínú ilé tí yanrìn ti ha. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ láìsí omi, kódà fún ìṣẹ́jú kan.

Bí omi bá ń wọlé dáadáa tó ṣì ń gbóná, riser ni mo fura sí jù, àwọn irin méjì tó jókòó sórí manifold (irin tó ń kó èéfín jáde nínú ẹ́ńjìnnì), níbi tí omi ti ń pàdé èéfín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń wọ inú ọ̀sà, ọ̀nà Tarkwa Bay sì nìyí, iyọ̀ ni. Iyọ̀ ń jẹ irin náà láti inú, ìpẹ́ ìpẹtà á wá dí ọ̀nà omi. Ẹ na ìbọn ooru sí méjèèjì lẹ́yìn tí ẹ bá ti sáré díẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n sún mọ́ra. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ dáadáa, ẹ tú u. Ọkọ̀ àlòkù tí ẹ kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ riser rẹ̀ kẹ́yìn, èmi yóò pààrọ̀ méjèèjì pa pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wẹ́dà lẹ̀ ẹ́: bí ó bá jò, inú sìlíńdà ni omi ń gbà lọ, ìgbà yẹn gan-an lẹ máa ra ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí wọ́n bá ti tú u, ẹ ní kí wọ́n wo rọ́bà páìpù èéfín àti ìlẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀. Ooru ti lè yọ́ ọ, kí ó já bọ́ dí ọ̀nà èéfín. Níbi ìdánwò, ẹ má jìnnà sí etí omi, kí ọkọ̀ mìíràn sì wà nítòsí. Bí géèjì bá tún gòkè, ẹ dín eré kù wálẹ̀ pátápátá, kí ẹ tó pa á.