Èsì: Ṣé ilé ìtajà Playdate yóò pẹ́?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó bọ́gbọ́n mu láti máa ra géèmù nínú Catalog, ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Playdate, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí ẹ̀rọ kékeré náà yóò ti pẹ́ tó. Ìbẹ̀rù yín kì í ṣe àsọdùn. Ẹ rántí Ouya, ẹ̀rọ géèmù tí ó jáde ní ọdún 2013: wọ́n ti ilé ìtajà rẹ̀ pa ní oṣù Kẹfà ọdún 2019. Nintendo pàápàá, tí kì í ṣe ọmọ àná nínú iṣẹ́ yìí, dá títa géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún 3DS, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká rẹ̀, dúró ní oṣù Kẹta ọdún 2023.

Playdate yàtọ̀ níbi tí mo kà sí pàtàkì jù lọ. Panic, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ó ṣe ẹ̀rọ náà, ni ó ń yan ohun tí yóò wọ Catalog láti ọdún 2023, ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù: ọ̀fẹ́ ni irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe géèmù fún un, ẹni tí ó bá sì ṣe tirẹ̀ lè tà á lórí itch.io, ojú òpó tí àwọn olùṣe géèmù ti ń ta iṣẹ́ wọn, kí olùrà fi okùn USB gbé e wọ inú ẹ̀rọ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí géèmù kan ní ibi méjèèjì, ẹ rà á níbi tí wọn yóò ti fún yín ní fáìlì rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà yín. Ní tèmi, bátìrì ni ó ń kọ mí lóminú ju ilé ìtajà lọ.