Apá Kan Náà Ni Ọmọ Mi Ń Wò Lójoojúmọ́

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 3, fẹ́ràn ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kan lórí tẹlifíṣàn, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni ó máa ń fẹ́ wò, bí mo bá fi òmíràn sí i, ẹkún ni. Ìyá ọkọ mi ní àwòtúnwò yìí yóò sọ ọ́ di olódo. Àbúrò rẹ̀, ọmọ oṣù 10, náà a máa jókòó tì í. Ṣé kí n fòpin sí i ni? (Ìyá Ọmọ Méjì, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ rọra bá màmá sọ ọ́ pé àwòtúnwò kì í sọ ọmọ ọdún 3 di olódo. Bóyá àwọn fúnra wọn ti pa àlọ́ kan náà fún ọkọ yín títí tí ó fi ń gbè é kí wọ́n tó dá orin rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn Nickelodeon ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò *Blue's Clues* ní ọdún 1996, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń gbé apá kan náà sáfẹ́fẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ajá aláwọ̀ búlúù kan a fi àmì ẹsẹ̀ rẹ̀ sára nǹkan mẹ́ta, ọkùnrin tí ó ń darí ètò a sì bi àwọn ọmọ ní ohun tí ajá náà ń fẹ́. Bí ó bá bi wọ́n tán, a tẹjú mọ́ wọn, a dákẹ́, a sì dúró de èsì wọn. Àwọn olùṣèwádìí fi apá kan han àwọn ọmọ kan fún ọjọ́ 5, wọ́n sì rí i pé ohun tí ó yé wọn pọ̀ ju ti àwọn tí ó wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ, tí ìdáhùn tí wọ́n ń pariwo sí tẹlifíṣàn sì ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ tẹ́tí sí tiyín: bí ó bá ń dáhùn, tí ó ń sọ ohun tí ó kàn kí ó tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀kọ́ ń lọ, bí ó bá kàn lanu sílẹ̀ láìfọhùn, ẹ jókòó tì í, kí ẹ̀yin máa bi í.

Ti àbúrò rẹ̀ ni mi ò fara mọ́. Ní ọdún 1998, àwọn olùṣèwádìí méjì, Georgene Troseth àti Judy DeLoache, jẹ́ kí àwọn ọmọ ọdún 2 wo ẹni tí ó ń fi ohun ìṣeré pamọ́ sínú yàrá kejì. Àwọn tí ó wò ó láti ojú fèrèsé lọ mú un wá láìṣòro; ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wò ó lórí tẹlifíṣàn kò mọ ibi tí wọn yóò wá a sí. Bí ọmọ ọdún 2 bá ṣe báyìí, kí ni ọmọ oṣù 10 fẹ́ rí kọ́ níbẹ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ ní ọdún 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 kò gbọ́dọ̀ jókòó síwájú tẹlifíṣàn rárá, àti pé ti ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Bí ẹ̀gbọ́n bá ń wò ó, ẹ pọn àbúrò, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n bá sì ní kí ẹ tún un fi sí i, ẹ wo aago kí ẹ tó dá a lóhùn.