Ṣé a lè kàn yà sílé àwọn tó ń ṣe wáìnì dídùn ní Sauternes?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. London ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. A máa lọ sí Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé nínú oṣù kẹwàá láti fi ṣe àjọyọ̀ ọdún ìgbéyàwó wa, a sì fẹ́ dé ọ̀kan nínú àwọn ilé wáìnì kéékèèké ní Sauternes, torí wáìnì dídùn nìkan ni ìyàwó mi ń mu. Ṣé a lè kàn yà síbẹ̀? Ṣé dandan ni ká ra nǹkan? Kí ló dé tí ìgò kékeré wọn fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.

Ẹ má kàn yà síbẹ̀. Àwọn château (ilé wáìnì) ńlá ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbàlejò lọ. Nílé kékeré, ẹni tó ń ro oko náà ló ń tọ́jú àgbá ọtí, òun náà ni yóò sì bu ọtí fún yín, bẹ́ẹ̀ ìkórè ni wọ́n máa ń ṣe lọ́wọ́ nínú oṣù kẹwàá. Ẹ fi email ránṣẹ́ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹ sọ ọjọ́, aago àti pé ẹni méjì ni yín, ẹ sì béèrè bóyá ẹnì kan gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kí onílé, kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Àwọn ará Faransé kò fi ìkíni ṣeré. (Ìyẹn ò lè ṣòro fún ọmọ Yorùbá.)

Ní ti owó rẹ̀, ohun tí àgbẹ̀ àjàrà níbòmíràn ń sá fún ni àwọn ará Sauternes ń dúró dè. Odò Ciron tutù, ó sì ń ṣàn wọ inú odò Garonne, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù ú lọ. Nígbà ìwọ́wé, ìpàdé odò méjèèjì a máa gbé kùrukùru dìde láàárọ̀, ọ̀rinrin rẹ̀ a sì mú kí èso àjàrà bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Botrytis cinerea lorúkọ ohun tó ń mú un bu. Bí oòrùn ọ̀sán ò bá lé kùrukùru náà lọ, èso á jẹrà dànù. Bí oòrùn bá ràn dáadáa, èso á hunjọ, omi inú rẹ̀ á fà, ṣúgà á sì ṣẹ́kù síbẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo èso ń hunjọ, ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń padà sídìí igi kan náà léraléra, tí wọ́n ń ṣa èyí tó tó já. Òfin kò jẹ́ kí wọ́n ṣe ju 2,500 lítà lọ lórí hẹ́kítà kan. Ẹni tó ń ṣe wáìnì pupa Bordeaux lásán lè ṣe ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Ọdún mìíràn wà tí wàhálà náà á já sófo: Château d'Yquem, tí wọ́n fi ṣe olórí gbogbo wọn nígbà tí wọ́n to àwọn ilé wáìnì Bordeaux sípò-sípò lọ́dún 1855, kò gbé wáìnì dídùn ọdún 2012 jáde rárá.

Ẹ kìlọ̀ fún ìyàwó yín o, ọtí yìí kì í ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ mọ bí ẹmu àárọ̀ ṣe máa ń dùn, tó bá fi máa di alẹ́ á ti kan: ìwúkàrà ti jẹ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Ní Sauternes, ṣúgà pọ̀ débi pé ìwúkàrà ò lè jẹ ẹ́ tán, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ ti sọ ọ́ di ọtí tó tó ìdá 13 tàbí 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Adùn kì í jẹ́ kéèyàn tètè mọ̀. Ẹ máa tọ́ ọ wò, kí ẹ tu ú sínú garawa tí wọ́n bá gbé síwájú yín. Kò sẹ́ni tí yóò bínú. Ẹ má sì wakọ̀. Òfin ọtí àti ọkọ̀ le ní Faransé ju ti London lọ. Ẹ wọ rélùwéè láti Bordeaux dé Langon, kí ẹ wá gba takisí. Ẹ bá onítakisí náà ṣàdéhùn àbọ̀ yín kó tó lọ, torí oko ni ibẹ̀, takisí kì í kọjá lọ́nà.

Ohun tí èmi máa ń béèrè ni kí wọ́n bu ti ọdún tuntun àti èyí tó ti tó ọdún mẹ́wàá fún mi pa pọ̀. Ti tuntun á ń ta sánsán bí oyin àti ọ̀pẹ̀òyìnbó. Èyí tó ti pẹ́ á ti ṣú díẹ̀, adùn rẹ̀ á sì ti rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi onílé pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n wọ oko já èso lọ́dún yẹn. Ẹnu rẹ̀ á là.

Kò sí dandan nínú rírà. Àmọ́ ẹni tó fi oko sílẹ̀ nítorí yín fún wákàtí kan nígbà ìkórè, ìwà ni kí ẹ ra ó kéré tán ìgò kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgò 375 mílílítà ni kí ẹ mú. Ó tó ẹni méjì. Ìjọba Britain gba ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè láti kó 18 lítà irú wáìnì yìí wọlé láìsan owó ibodè. Inú ẹrù tí ẹ máa fà lé ọkọ̀ òfuurufú lọ́wọ́ ni kí ẹ dì í sí, kí ẹ fi aṣọ wé e.

Ẹ mu ún ní tútù. Bó bá ṣẹ́kù, ẹ dé e padà sínú fìríìjì. Ó lè lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Wàràkàṣì Roquefort ni wọ́n máa ń fi jẹ lọ́hùn-ún, èmi fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú adìyẹ aláta. Kéèkì tó bá dùn ju ọtí náà lọ nìkan ni kí ẹ má fi sí i, torí ńṣe ni ọtí náà á máa kan lẹ́nu.