Edé Le Bí Rọ́bà, Àgbàdo Ò Jinná

ÌBÉÈRÈ: Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń se edé, akàn, àgbàdo àti pọ̀tétò nínú ìkòkò kan ṣoṣo, tí wọ́n á wá fi bọ́tà yí i. Mo dán an wò lọ́jọ́ ìbí àwọn ìbejì mi. Kílò edé 1 àti akàn 6 ni mo rà. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú omi, mo sè é fún ìṣẹ́jú 20. Edé le bí rọ́bà, àgbàdo ò jinná, pọ̀tétò nìkan ni àwọn ọmọ jẹ. Kí ni mo ṣì ṣe? — Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, o kú ìnáwó. Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ. Owó edé yẹn dùn mí bí ẹni pé èmi ni mo san án. Ìkòkò kan ni wọ́n fi ń sè é lóòótọ́, àmọ́ wọn kì í jọ wọ inú rẹ̀.

Àgbàdo ló kọ́kọ́ tàn ọ́. Èyí tí wọ́n ń lò ní Louisiana, níbi tí oúnjẹ yìí ti gbajúmọ̀, àgbàdo dídùn ni. Ó rọ̀, kì í tó ìṣẹ́jú 10 lórí iná. Tiwa tí wọ́n ń sè lẹ́bàá títì ní Adó kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú 40 kí ó tó rọ̀ dáadáa, nítorí náà òun ni kí o kọ́kọ́ gbé kaná, pẹ̀lú iyọ̀, àlùbọ́sà, aáyù, atalẹ̀ àti ata rodo. Jẹ́ kí omi náà níyọ̀ dáadáa, torí edé ò ní pẹ́ nínú rẹ̀.

Tó bá di ìṣẹ́jú 20, kó iṣu sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣu. Èkìtì la wà, kí la fẹ́ fi pọ̀tétò ṣe? Gé e kí ó nípọn, kí ó má baà fọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, akàn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 mìíràn, edé.

Edé yìí gan-an ni mo fẹ́ kí o fetí sí. Ìṣẹ́jú 3 péré! Mo gbé Ìgbọ́kọ̀dà fún ọdún 4 nígbà tí iṣẹ́ gbé ọkọ mi lọ síbẹ̀, ìyá Ìlàjẹ kan tí a jọ ń gbé ilé ló kọ́ mi. Kì í wo aago. Bí edé bá ti pọ́n, tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ó ti jinná. Bó bá ká kò bí òrùka, ó ti kọjá àkókò. Kíá ni kí o sẹ́ omi rẹ̀, torí omi gbígbóná ò dúró lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ bí o tilẹ̀ pa iná. Edé yìnyín, jẹ́ kí ó yọ́ sínú fíríìjì mọ́jú. Bó bá ti pọ́n látọ̀dọ̀ ẹni tó tà á, wọ́n ti sè é tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Kí ó ṣáà gbóná.

Akàn tó ń rìn ni kí o rà. Èyí tó ti kú sínú agbọ̀n, tí o ò mọ ìgbà tó kú, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, bí ó bá fẹ́ kí ó dín owó rẹ̀ kù dé ìdajì. Ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí o yọ àwọn ohun tó rí bí ìyẹ́ nínú rẹ̀ dànù.

Yọ́ bọ́tà lórí iná tó rọra ń jó, pẹ̀lú aáyù gígún, ata gígún àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Mo ti fi epo pupa ṣe é rí, mo sì fi efinrin sí i. Pẹ̀lú iṣu, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bọ́tà lọ.

Omi tí o sẹ́ yẹn, má dà á nù. Gbé e sínú fíríìjì, kí o fi se àsáró fún àwọn ìbejì lọ́jọ́ kejì.