Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi (ṣípù AMD ló ń lò, kì í ṣe ti Intel) kò rí káàdì Wi-Fi Intel AX201 tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má wulẹ̀ dá ara yín lágara lórí dírẹ́fà (sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì). AX201 kì í ṣe odidi káàdì. CNVi ni wọ́n ń pe irú rẹ̀: apá kan iṣẹ́ Wi-Fi náà wà nínú ṣípù Intel tó yẹ kó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ó máa ń wọ ihò M.2 (ihò kékeré tí wọ́n ń fi káàdì Wi-Fi sí) wẹ́kú, ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ, ṣùgbọ́n lórí AMD kò lè ṣiṣẹ́ láéláé. Bákan náà ni AX211.

Ẹ dá a padà bí ẹni tó tà á bá gbà, kí ẹ wá AX200 tàbí AX210, odidi káàdì ni àwọn yẹn. Ẹ ka nọ́ńbà ara káàdì fúnra yín kẹ́ ẹ tó sanwó o. AX210 fẹ́ Windows 10 sókè. Lórí Linux, kernel (ọkàn Linux fúnra rẹ̀) 5.10 sókè.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi tuntun sí i, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná. Tẹ́ ẹ bá ti fi káàdì náà sí i, ẹ dá wáyà iná padà, ẹ tan kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ ṣí Device Manager (ibi tí Windows ti ń to àwọn ohun èlò inú kọ̀ǹpútà). Bẹ́ ẹ bá rí "Network Controller" tó ní àmì yẹ́lò lára, kọ̀ǹpútà ti rí káàdì, dírẹ́fà nìkan ló kù. Ẹ fi wáyà USB so fóònù mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering lórí fóònù, kẹ́ ẹ fi dáta rẹ̀ gba dírẹ́fà náà sórí kọ̀ǹpútà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Tó bá jẹ́ irú tó ń wọ ihò PCIe (ihò mìíràn tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀) lẹ rà, Bluetooth rẹ̀ sábà máa ń ní wáyà tirẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ ojú USB inú mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà). Láìsí i, Wi-Fi á ṣiṣẹ́, Bluetooth ò ní hàn.