Ẹ BI WÁ: "Wọ́n dín sípíìdì kù, ìgbì tún wá ga sí i"

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Erékùṣù kékeré kan lápá Òjó là ń gbé, ẹja yíyan niṣẹ́ mi. Àwọn bóòtì tó ń kó èrò lọ sí èbúté Liverpool àti CMS l'Ékòó níbí, etí ilé wa báyìí ni wọ́n ń gbà kọjá látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìgbì wọn ti wó igi àgbọn mẹ́ta, ó ti ń jẹ ilẹ̀ bọ̀ nídìí ààrò mi. Baálẹ̀ bẹ àwọn awakọ̀, wọ́n sì dín sípíìdì kù lóòótọ́, àmọ́ lójú tèmi ìgbì yẹn tún ga ju ti tẹ́lẹ̀. Tí mo bá sọ ọ́ wọ́n á ní mò ń purọ́. Ọmọ mi ní ká kó táyà síbẹ̀. Kí la ó ṣe? — Ìyá Ẹlẹ́ja

Ìdáhùn: Ìyá wa, irọ́ kọ́ lẹ ń pa o.

Ṣ'ẹ rí i, bóòtì faibà yẹn, tó bá rọra ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìgbì ẹ̀ ò tó nǹkan. Tó bá sáré gan-an, á gbéra, á máa yọ̀ lórí omi, ìgbì ẹ̀ á tún wálẹ̀ díẹ̀. Àárín méjèèjì ni wàhálà wà: imú ọkọ̀ á nà sókè, awakọ̀ ò ní ríwájú dáadáa mọ́, ìdí á rì, á wá máa tú omi bí ẹni ń kọ ebè. Ibẹ̀ gan-an làwọn awakọ̀ yín lọ dúró sí, wọ́n sì rò pé àwọn ti ṣe yín lóore, bẹ́ẹ̀ epo tí wọ́n ń jó níbẹ̀ gan-an ò kéré.

Ìgbì tó bá fi ìlọ́po méjì ga ju èkejì lọ, agbára ẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin ni, torí náà èyí tó dé orúnkún kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó dé kókósẹ̀ rárá. Ẹ wo etí omi tí bóòtì bá ń kọjá, omi á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, gbòǹgbò àgbọn á hàn síta, kó tó wá padà gbá ilẹ̀, ìpadàbọ̀ yẹn ló ń wú iyẹ̀pẹ̀ lábẹ́ gbòǹgbò. Omi tóóró bíi tiyín, atẹ́gùn ò ráyè kó ìgbì ńlá jọ níbẹ̀, ìgbì bóòtì ló wá di ọ̀gá.

Kì í ṣe tiyín nìkan o. Lódò Gordon ní Tasmania, ní Ọsirélíà, bóòtì tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò wá wo igbó ló ń wó bèbè odò àti igi orí ẹ̀. Ìjọba fòfin dín sípíìdì kù, wọ́n sì sọ ibi tí bóòtì ńlá ò gbọdọ̀ kọjá, ìyẹn ló dín ìwó náà kù.

Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n dín in kù títí imú ọkọ̀ á fi wálẹ̀ pẹrẹsẹ, kí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó kan ilé àkọ́kọ́, kí wọ́n máa gba àárín omi, kí èrò má sì kó gbogbo ara wọn sẹ́yìn. Ẹ ri òpó méjì mọ́lẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Tí wọ́n bá ní ẹ ń fi àkókò àwọn ṣòfò, ẹ ṣírò ẹ̀ fún wọn: ìrìn 500 mítà, lórí 40 kìlómítà ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá 45 ni. Lórí 8, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló fi lé, òun ni gbogbo ariwo yẹn!

Táyà ńkọ́? Mi ò fara mọ́ ọn. Ìgbì á gbá a, á yí padà, á lọ gbẹ́ ilẹ̀ aládùúgbò yín. Àwọn igi irà tí gbòǹgbò wọn dúró bí ẹsẹ̀ alákàn yẹn ni kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé. Tí wọ́n bá sì ń wa yanrìn nítòsí, bóòtì nìkan kọ́ lẹ máa bá wí.

Kí Baálẹ̀ kọ̀wé sí NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, àti LASWA, ti ìjọba Èkó, pa pọ̀. Supreme Court ti fi àkóso omi fún NIWA ní January 2024, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ìjà àwọn méjèèjì kàn yín, ẹ gbé ẹ̀dà fún oníkálukú. Ẹ ri igi kan sí etí ilẹ̀ báyìí, kí ẹ máa wọn ibi tí omi jẹ dé lóṣooṣù, ẹ fi fọ́tò sínú lẹ́tà yẹn. Ààrò yẹn sì rèé, ẹ kọ́kọ́ sún un sẹ́yìn ná.